Ogun Kírìjì lórí tábìlì: ìbọn ni kí ẹ kọ́kọ́ ṣe

Nínú eré ogun orí tábìlì, tí à ń fi ère kéékèèké jà, ó rọrùn fún ẹni tó fẹ́ kó ọmọ ogun Napoleon jọ. Á ra àpótí, á gé ère kúrò lára férémù, á lẹ̀ wọ́n, á kùn wọ́n, ó parí. Ogun Kírìjì kò rí bẹ́ẹ̀. Ogun Ìbàdàn àti Èkìtì Parapọ̀ (Èkìtì, Ìjẹ̀ṣà àti àwọn tó bá wọn para pọ̀) ni, ó bẹ̀rẹ̀ ní 1877, tí kò tán pátápátá títí di 1893, tó sì fa ìlú Yorùbá tó pọ̀ sínú, ṣùgbọ́n àwọn tó ń ta ère ogun kò fi bẹ́ẹ̀ kà á sí. Ère tí wọ́n ṣe fún ogun mìíràn la ó máa gé, tí a ó máa tún ṣe.

Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣìnà. Wọ́n á ra ọmọ ogun Zulu, wọ́n á kùn ún, wọ́n á ní Yorùbá ni: asà awọ màlúù lọ́wọ́, ọ̀kọ̀ kúkúrú, ìhòòhò dé ìbàdí. Kò jọ ọ́ rárá. Nígbà tí Kírìjì ń jà, ìbọn ló wà lọ́wọ́ ọmọ ogun Yorùbá, asà ti di ohun àtijọ́, èèyàn sì wọ aṣọ lọ sógun. Bí ìbọn bá tọ́ tí aṣọ sì tọ́, ojú á fojú fo àṣìṣe mìíràn. Bí ìbọn kò bá tọ́, kò sí ọ̀dà tó lè bo ìyẹn mọ́lẹ̀.

Ẹ mú ọdún

Kí ẹ tó ra ère kan ṣoṣo, ẹ mú ọdún tí ẹ fẹ́ jà, torí ohun tó wà lọ́wọ́ ọmọ ogun yí padà láàárín ogun náà. Ní ọjọ́ kìíní oṣù kọkànlá 1878, nítòsí Ìkìrun, Balógun Àjàyí Ògbóríẹ̀fọ̀n àti Ìbàdàn fọ́ ogun Ìlọrin, Ìjẹ̀ṣà àti Èkìtì. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń sá ló bá odò Ọ̀tìn lọ. Jálumi nìyẹn. Ṣakabùlà, ìbọn gígùn olókùúta ìṣáná tí à ń ti ẹnu kì, ni tọ̀tún-tòsì gbé, ẹlẹ́ṣin Ìlọrin sì wà níbẹ̀. Ìjà ọjọ́ kan ni, ó dára fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀.

Kírìjì gan-an yàtọ̀. Ààrẹ Ọ̀nà Kakaǹfò Látòósà, olórí Ìbàdàn, tẹ̀dó sí ìhà Ìgbájọ, Ògèdèǹgbé, olórí ogun Èkìtì Parapọ̀, tẹ̀dó sí ìhà Ìmẹ̀sí-Ilé, àfonífojì wà láàárín, àgọ́ méjèèjì sì pẹ́ níbẹ̀ títí wọ́n fi dà bí ìlú, tí àwọn èèyàn ń dáko yí wọn ká. Lẹ́yìn 1880 ni àwọn ọmọ Ìjẹ̀ṣà àti Èkìtì tó wà ní Èkó bẹ̀rẹ̀ sí í fi ráífù, ìbọn tuntun tí à ń ti ìdí kì, ránṣẹ́ sílé, ọ̀nà Oǹdó ni wọ́n ń gbé e gbà. Ìbàdàn náà rí díẹ̀ níkẹyìn, ṣùgbọ́n Ìjẹ̀bú àti Ẹ̀gbá ti dí ọ̀nà òkun mọ́ wọn, ẹ̀tù gan-an ń wọ́n wọn. Látòósà kú sí ojú ogun ní 1885. Ẹni tó bá kọ 1886 sára pátákó rẹ̀, kó má gbé Látòósà lé orí tábìlì. Ọdún àdéhùn àlàáfíà nìyẹn, Àjàyí Ọ̀ṣúngbẹ́kún ló ń ṣíwájú Ìbàdàn nígbà náà.

1883 ni ọdún tí mo fara mọ́ jù. Ráífù ti dé, Látòósà ṣì wà láàyè, ìhà méjèèjì sì ní ohun tí ẹnì kejì kò ní. Gbogbo iye tí mo bá dá nísàlẹ̀ yìí, ti 1883 ni.

Ìbọn

Ère tí a ó lò, 28 mm ni, ó sún mọ́ ìwọ̀n 1 sí 56. Ṣakabùlà tó gùn tó mítà kan ààbọ̀ sí mítà 1.7 á di 27 sí 30 mm. Ní ti ráífù, Snider gígùn àti Martini-Henry fẹ́rẹ̀ẹ́ bára dọ́gba, mítà 1.25 tàbí kó dín díẹ̀, ìyẹn 22 mm. Winchester ti 1873 kò ju mítà 1.1 lọ, 19 sí 20 mm. Ọ̀nà tó yá jù láti yẹ̀ ẹ́ wò ni pé kí ẹ gbé ìbọn náà dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ère: ẹnu ṣakabùlà gbọ́dọ̀ tó ojú rẹ̀, ẹnu ráífù kò gbọdọ̀ kọjá àyà. Ìyàtọ̀ mílímítà mẹ́fà yìí ni ẹni tó dúró sí ìdí tábìlì á fi mọ ẹgbẹ́ tó ní ráífù láìbéèrè.

Ìbọn tó máa ń wà lọ́wọ́ ère tí à ń rà kúrú jù. Bí ẹ bá ní ère mẹ́rìndínlógún péré, ẹ lè fa ẹnu ìbọn wọn gùn. Bí wọ́n bá tó ọgọ́rùn-ún, ó yá kí ẹ ṣe ìbọn tuntun. Wáyà idẹ 0.8 mm ni ojú ìbọn. Bí a bá tẹ̀ lé ìwọ̀n gan-an, á tinrín ju bẹ́ẹ̀ lọ, nǹkan bí 0.4 mm, ṣùgbọ́n wáyà tó tinrín tó bẹ́ẹ̀ á tẹ̀ ní ọjọ́ kìíní, ojú kò sì ní rí i. Ẹ gé e ní 20 mm. Ìdí ìbọn jẹ́ ike pẹlẹbẹ 1 mm tí ẹ gé ní 9 mm, fífẹ̀ 1.5 mm níbi tó kan wáyà, 2.5 mm ní ìparí. Ẹ fi ọ̀bẹ fa kòtò tín-ín-rín sí orí ike náà kí wáyà lè sùn sínú rẹ̀. Ègé ike kékeré kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ á dúró fún ibi tí òkúta ìṣáná ń gbé.

Ẹ má lẹ wáyà idẹ tó ń dán bó ṣe wà. Súpà gúlù kì í di idẹ dídán mú, ìbọn á já bọ́ níbi tí ẹnì kan bá ti gbá a. Ẹ kọ́kọ́ fi sáńdípépà 400 fá a. Lẹ́yìn náà, ẹ má gbára lé gúlù nìkan láti so ìbọn mọ́ ọwọ́ ère: ẹ fi orí ọ̀bẹ sàmì sí àárín ìkúùkù, kí dírìlì má bàa yọ̀ lọ sí ẹ̀gbẹ́, ẹ wá fi dírìlì ọlọ́wọ́ 0.8 mm lu ú já, kí wáyà gba inú ìkúùkù kọjá. Fún ère irin, ẹ máa yọ dírìlì jáde lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan kí ẹ gbọn èérún rẹ̀ nù, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, á kán sínú. Tí ọwọ́ ère bá tinrín jù fún ihò, ẹ gé ọwọ́ náà kúrò ní ọrùn ọwọ́, kí ẹ fi Green Stuff, amọ̀ àpòpọ̀ tó máa ń le, mọ òmíràn yí wáyà ká.

Ráífù kò ní wàhálà tó bẹ́ẹ̀. Àpótí ike ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì ti ogun Zulu, 1879, Martini-Henry ló kún inú rẹ̀. Ẹ gé ọ̀bẹ ẹnu rẹ̀ kúrò, ẹ fá ọwọ́ Gẹ̀ẹ́sì tó bá rọ̀ mọ́ ọn. Fún Snider, ẹ gé irin tó wà nísàlẹ̀ ọrùn Martini kúrò, kí ẹ sì fi ègé ike kékeré ṣe òòlù sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún. Láti mítà kan, kò sẹ́ni tó máa mọ̀ ọ́n yàtọ̀, èmi kì í sì í bá ẹni tó bá fò ó dá jà.

Bí wọ́n ṣe di ìbọn mú náà ṣe pàtàkì. Ẹni tó gbé ṣakabùlà sábà máa ń yìn ín láti ìbàdí tàbí kó na ọwọ́ rẹ̀ jáde, torí ẹ̀tù tí wọ́n ń rọ sínú rẹ̀ pọ̀, ìbọn sì lè gbá èèyàn ní ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ère tó gbé ìdí ìbọn sí èjìká, tó di ojú kan, ẹ kó gbogbo irú wọn sí ẹgbẹ́ ráífù.

Ara tí a ó gbé ìbọn náà lé

Ruga-ruga, jagunjagun Ìlà-oòrùn Áfíríkà, ni ère tó sún mọ́ ọn jù: ó wọ aṣọ dẹ̀dẹ̀, ó sì máa ń gbé ìbọn. Ẹ yọ ìyẹ́ tó wà lórí rẹ̀, ẹ fá ìlẹ̀kẹ̀ tó bá pọ̀ jù. Ansar, ọmọ ogun Mahdi ti Sudan, náà wúlò, àwọn ti ike pàápàá, torí owó rẹ̀ kò pọ̀ bíi ti irin, ọwọ́ àti orí rẹ̀ sì dá wà lọ́tọ̀. Iṣẹ́ tó wà lára rẹ̀ ni pé kí ẹ fi ẹ̀yìn ọ̀bẹ fá àwọn àbùlẹ̀ onígun mẹ́rin kúrò lára aṣọ rẹ̀, kí ẹ sì pààrọ̀ láwàní. Má fá a jù: bí ẹ bá rí i tí aṣọ náà ti ń tẹ́jú bíi pátákó, ẹ fi orí ọ̀bẹ tún ìlà aṣọ fà sí i, kí ọ̀dà lè ríbi sùn.

Green Stuff ló ń sọ wọ́n di Yorùbá. Fìlà, bàǹtẹ́, àpò ọta tó rọ̀ mọ́ èjìká, ató ẹ̀tù, oǹdè ní apá àti ní ọrùn. Ìdajì gíráàmù á tó fún ère kan, nítorí náà 100 gíráàmù á tó fún gbogbo ogun méjèèjì, á sì kù. Apá méjì ló ní, aláwọ̀ búlúù àti aláwọ̀ ìyeyè, ọgbọọgba ni ẹ ó pò wọ́n. Bí ó bá jẹ́ ọ̀já tí méjèèjì ti fara kanra láti ilé iṣẹ́ wá, ẹ gé àárín rẹ̀ dànù: ibi tí wọ́n ti fara kàn ti gan, á máa yọ kókó lábẹ́ irinṣẹ́ yín. Ẹ máa fi omi pa orí irinṣẹ́, ẹ má fi itọ́. Wákàtí kan ààbọ̀ lẹ ní kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í le. Ẹ jẹ́ kó sùn mọ́jú kí ẹ tó kùn ún.

Ató rọrùn: róbótó kékeré 1.5 mm, ẹ fi ìka yí i títí ọrùn rẹ̀ á fi gùn, ẹ gé e ní 4 mm. Oǹdè jẹ́ onígun mẹ́rin 1 mm. Mẹ́ta sí márùn-ún ti tó lára ọmọ ogun lásán. Ẹ fi ọ̀pọ̀ oǹdè sílẹ̀ fún àwọn olóyè, tí gbogbo gbérí wọn lè kún fún un. Bí gbogbo ère bá kún bẹ́ẹ̀, kò sí ẹni tí ojú á mọ̀ ní ọ̀gá.

Ẹni tó ń darí, ẹ fún un ní onílù. Gángan tí ẹ fi ike róbótó 4 mm ṣe, tí ẹ fá àárín rẹ̀ wọlé, ti tó. Ọ̀págun ni kí ẹ gbé dúró lẹ́yìn Balógun, kì í ṣe àsíá Gẹ̀ẹ́sì aláràbarà: wáyà 1 mm tó ga 45 mm, tí ẹ fi Green Stuff dì bí aṣọ àti awọ láti àárín dé òkè.

Iye ère

Fún Ìbàdàn, ẹgbẹ́ oníṣakabùlà márùn-ún, ère mẹ́rìndínlógún nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan: ẹgbẹ́ Ọ̀tún, Òsì, Aṣípa, Ẹkẹrin àti Ṣẹ́ríkí. Ìyẹn 80. Ẹ fi ẹlẹ́ṣin mẹ́jọ kún un, àti Látòósà pẹ̀lú onílù, ọlọ́pàágun àti ìránṣẹ́ kan. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ 92. Ẹ má ra ẹlẹ́ṣin jù bẹ́ẹ̀ lọ. Orí òkè olókùúta kì í ṣe ibi eré ẹṣin, olóyè ló sábà ń gùn ún. Jálumi ni ẹ ti lè kó ẹlẹ́ṣin Ìlọrin mẹ́rìnlélógún jáde, tọkọ̀tọkọ̀, tidàtidà, pẹ̀lú agbádá àti láwàní.

Fún Èkìtì Parapọ̀, ẹgbẹ́ oníṣakabùlà mẹ́rin, 64. Ẹgbẹ́ ráífù méjì, mẹ́jọ-mẹ́jọ. Ògèdèǹgbé, Fábùnmi Òkè-Ìmẹ̀sí, onílù àti ọlọ́pàágun. 84 nìyẹn. Ìlú púpọ̀ ló para pọ̀, nítorí náà ẹ jẹ́ kí aṣọ ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan yàtọ̀ díẹ̀ sí ti èkejì. Ẹ má gbé ráífù ju mẹ́rìndínlógún lọ, bó ti wù kó dùn mọ́ yín tó. Bí ẹ bá fi ráífù kún gbogbo ọwọ́, eré á parí ní ìdajì wákàtí.

Ṣakabùlà 144 tí iye yìí béèrè, 20 mm wáyà fún ọ̀kọ̀ọ̀kan, kò tó mítà mẹ́ta. Ẹ ra mítà mẹ́ta ààbọ̀, díẹ̀ á fò sọnù nígbà tí ẹ bá ń gé e. Ẹ fi ìka bo orí wáyà bí ẹ ṣe ń gé e, ó lè ta sójú.

Ọ̀dà

Ẹ fi omi àti ọṣẹ fọ ère, pàápàá résìn, kí òróró ilé iṣẹ́ kúrò lára rẹ̀. Ọ̀dà agolo àkọ́kùn, dúdú, láti 20 sí 30 cm. Bí oòrùn bá mú jù tàbí tí ẹ bá jìnnà jù, ọ̀dà á gbẹ kó tó balẹ̀, ara ère á rí bíi sáńdípépà. Bí afẹ́fẹ́ bá tutù fún ọ̀rinrin, ọ̀dà á di funfun. Kò sí àtúnṣe fún méjèèjì ju pé kí ẹ fọ gbogbo rẹ̀ dànù.

Awọ ara ni ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń bà á jẹ́. Wọ́n á fi ọ̀dà pupa-rúsúrúsú kùn ún, wọ́n á wá pò ó mọ́ funfun láti fi tan ìmọ́lẹ̀, ère á sì dà bí ẹni tó ra eérú. Funfun kò gbọdọ̀ dé ibẹ̀. Ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú pupa-rúsúrúsú tó dúdú gan-an, ẹ pò ó mọ́ èyí tó pupa díẹ̀ fún èkejì, kí ẹ wá fi àwọ̀ ọsàn díẹ̀ kún un fún òkè imú, ẹ̀rẹ̀kẹ́, èjìká àti ìkúùkù. Kí ara ère má sì jẹ́ àwọ̀ kan náà: ìpò mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ fún ère mẹ́rìndínlógún ti tó. Ilà ojú, ẹ fi í sílẹ̀. Ojú tí kò fẹ̀ ju 4 mm lọ kò gba àbàjà. Ẹ lè dán an wò lára Látòósà bí búrọ́ọ̀ṣì yín bá mú dáadáa.

Aró ni àwọ̀ tó gbọ́dọ̀ pọ̀ jù, aṣọ aláró kì í sì í jẹ́ búlúù kan. Tuntun rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ dúdú, èyí tí wọ́n ti fọ̀ gbó ti ṣí. Ẹ po ìpò mẹ́rin láti dúdú dé ojú ọ̀run, kí ẹ pín in káàkiri ẹgbẹ́ kan náà. Ẹ fi àwọ̀ eérú díẹ̀ tan ìmọ́lẹ̀ sí i, kì í ṣe funfun. Kíjìpá tí wọn kò pa láró jẹ́ funfun tó rẹ̀, bí owú. Àláárì àti sányán, olóyè ni kí ẹ fi í sílẹ̀ fún.

Aṣọ òfì, ọ̀já tóóró-tóóró ni wọ́n rán pọ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan fẹ̀ tó 10 cm, ìyẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 2 mm lára ère. Ẹ fa ìlà náà láti òkè sísàlẹ̀, ní 2 mm síra wọn, pẹ̀lú bírò ayàwòrán 0.05 mm lórí ọ̀dà tó ti gbẹ tán. Ẹ fi fánísì tí kì í dán bo gbogbo rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì dán an wò lára ère kan ná, torí fánísì mìíràn máa ń tú yíǹkì bírò.

Ìdí ère, 25 mm róbótó, iyanrìn lórí rẹ̀, àwọ̀ ilẹ̀ pupa, koríko gíga díẹ̀, òkúta eérú kan níbi mẹ́ta nínú mẹ́rìndínlógún.

Tábìlì àti ìjà

Ẹ má ra ilé róbótó tí wọ́n ń tà bí "abúlé Áfíríkà". Ilé Yorùbá ní igun mẹ́rin. Fóòmù 5 mm, 8 cm ní gígùn, 5 cm ní fífẹ̀, ògiri 3 cm; òrùlé, páálí tí ẹ lẹ aṣọ ìnura àtijọ́ mọ́, tí ẹ fi gúlù funfun àti omi rẹ, tí ẹ sì fi kóòmù fà sísàlẹ̀ kó tó gbẹ. Mẹ́fà-mẹ́fà fún àgọ́ kọ̀ọ̀kan, ògiri amọ̀ níwájú wọn. Tábìlì 120 sí 180 cm, òkè méjì ní ìparí rẹ̀ méjèèjì, àfonífojì pẹ̀lú odò kékeré ní àárín.

Ẹ pín ẹgbẹ́ oníṣakabùlà kọ̀ọ̀kan sórí pákó méjì, ère mẹ́jọ-mẹ́jọ, 14 sí 9 cm. Bí wọ́n ṣe ń jà ló fà á: àwọn kan á sún síwájú yìnbọn, wọ́n á padà sẹ́yìn lọ kì í, àwọn mìíràn á bọ́ sípò wọn. Pákó tó bá yìnbọn, ẹ fi òwú lé e lórí. Òwú náà kò ní kúrò àfi tí pákó náà bá padà sẹ́yìn 10 cm, tó sì lo odidi ìyípo kan láìyìnbọn. Ṣakabùlà á dé 20 cm: dáìsì kan fún ère kọ̀ọ̀kan, 5 àti 6 ló ń pa láàárín 10 cm, 6 nìkan kọjá ibẹ̀. Ráífù á dé 50 cm, 5 àti 6 láàárín 25 cm, ó sì lè yìn ní gbogbo ìyípo láìpadà sẹ́yìn. Gbogbo ẹlẹ́sẹ̀ ń rìn 15 cm.

Ọta ráífù ni ẹ ó fi dá Èkìtì Parapọ̀ dúró. Ẹgbẹ́ ráífù kọ̀ọ̀kan ní àmì mẹ́fà, ìyìnbọn kan jẹ àmì kan. Tó bá tán, ó tán, torí láti Èkó ni wọ́n ti ń gbé e wá. Ìbàdàn ní àmì ẹ̀tù ogún fún pákó mẹ́wàá, nínú eré ìyípo mẹ́jọ. Kò ní tó wọn, bó sì ṣe yẹ kó rí nìyẹn: ẹni tó ń ṣe Látòósà ní láti yan ibi tí yóò ná an sí, yóò sì máa wá bí ẹgbẹ́ Ṣẹ́ríkí ṣe lè gba àárín òkúta dé ọ̀dọ̀ ráífù kí àwọn yòókù tó tán. Oníṣakabùlà Èkìtì Parapọ̀ ní ogún fún pákó mẹ́jọ.

Bí ẹ bá dán an wò tí Ìbàdàn kò borí rí, ẹ má fi ẹ̀tù kún un. Ẹ fi òkúta kún àfonífojì, márùn-ún tàbí mẹ́fà tí ọ̀kọ̀ọ̀kan fẹ̀ tó pákó kan, kí ráífù má bàa rí gbogbo ojú ilẹ̀ láti orí òkè rẹ̀. Bí Èkìtì Parapọ̀ ni kò borí rí, ẹ yẹ ìbọn Ìbàdàn wò: ó ṣeé ṣe kí ẹnì kan máa yìn láìgbé òwú lé e.